Ẹnu-ọ̀nà kan ni wọ́n ń wá, agboolé ni wọ́n bá

Nígbà tí mò ń ka físíọ́lọ́jì ní yunifásítì, "ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù" ni àwọn lẹ́kíṣọ́ wa máa ń pè é, bíi pé ẹyọ kan péré ló wà láyé. Ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù á ṣí, sódíọ̀mù á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn á pa dé, ti pọtásíọ̀mù á ṣí, pọtásíọ̀mù á jáde, iná á sì ti kọjá lára iṣan nìyẹn, ẹ ya gíráàfù ẹ̀, ẹ gba máàkì yín, ẹ máa lọ ilé. Mo yà á, mo gba máàkì. Ìgbà tí mo jáde tán, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí wọ́n ṣe rí jíìnì àwọn nǹkan yìí gan-an (ìyẹn àkọsílẹ̀ inú DNA tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì) nínú ọpọlọ ẹranko afọ́mọlọ́mú, àti pé ohun tí gbogbo wa ń pè ní ẹyọ kan yẹn, agboolé ńlá ni, pẹ̀lú bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn mọ̀lẹ́bí tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè.

Fún ẹni tí ò bá mọ ohun tí mò ń sọ: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ká, ọ̀rá ló pọ̀ nínú awọ yẹn, iyọ̀ tó ti yòrò sínú omi, bíi sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù, ò sì lè gba inú ọ̀rá kọjá. Ibi tó lè gbà ni àwọn purotéènì kan tó dúró sínú awọ náà tí ihò wà láàárín wọn, àwọn ni à ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Ihò yẹn sì mọ ẹni tó ń gbà wọlé o, èyí tó jẹ́ ti pọtásíọ̀mù kì í gba sódíọ̀mù, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ló kéré jù nínú àwọn méjèèjì! Gbogbo ohun tí ẹ bá rò, tí ẹ rántí, títí kan kíkà tí ẹ ń ka ohun tí mo kọ yìí, ihò wọ̀nyẹn ló ń ṣí tí wọ́n ń pa dé.

Alan Hodgkin àti Andrew Huxley ló kọ́kọ́ fi ìṣirò ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1952. Iṣan squid ni wọ́n lò, ẹran inú òkun tó ní iṣan kan tó lè nípọn tó ìdajì mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ki wáyà bọ inú ẹ̀. Wọ́n gba Nobel ní 1963. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ṣánẹ́ẹ̀lì kankan sójú o, iná ni wọ́n wọ̀n, ìyókù jẹ́ ìṣirò. Ní 1976 Erwin Neher àti Bert Sakmann ní Göttingen, Jámánì, fi ẹnu gíláàsì tínrín kan fa awọ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, wọ́n sì gbọ́ iná tó ń gba inú ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kọjá, ó ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí. Ìyẹn náà gba Nobel, ní 1991. Síbẹ̀ tí ẹ bá bi gbogbo wọn nígbà yẹn pé kí ni wọ́n fi ṣe nǹkan yìí gan-an, jíìnì wo ló kọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè dáhùn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọpọlọ ò dáa fún irú iṣẹ́ yìí rárá. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ẹ̀, díẹ̀ díẹ̀ sì ni ìkọ̀ọ̀kan. Tí o bá lọ ọpọlọ eku tó kún bókẹ́ẹ̀tì kan, purotéènì ṣánẹ́ẹ̀lì tó o máa rí nínú ẹ̀ ò tó nǹkan. Torí náà àwọn tó gbọ́n nínú wọn fi ọpọlọ sílẹ̀ ná, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹja tó ń gbé iná. Àwa náà mọ irú ẹ̀, ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹja òjíjí láàyè nínú odò kò nílò kí n ṣàlàyé fún un. Èyí tí wọ́n lò ò kúkú bá tiwa tan, ti Amẹ́ríkà ni: Torpedo tó wà ní òkun California, àti eel oníná tó wà ní àwọn odò gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà ara tí ẹja wọ̀nyí fi ń gbé iná kún fún ṣánẹ́ẹ̀lì fọ́fọ́, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe nìyẹn.

Ẹni tó fi ẹja yìí dá bírà ni Shosaku Numa ní Yunifásítì Kyoto ní Japan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rèé, mo máa sọ ọ́ wẹ́rẹ́: wọ́n á yọ purotéènì náà jáde, wọ́n á ka díẹ̀ nínú amino acid ẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tí wọ́n fi to purotéènì, wọ́n á fi ìyẹn méfò irú lẹ́tà DNA tó ṣeé ṣe kó kọ ọ́, wọ́n á ṣe DNA kékeré kan tó bá ìméfò yẹn mu, wọ́n á fi nǹkan radioactive sí i lára kí wọ́n lè tọpa ẹ̀, wọ́n á wá tú u sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bakitéríà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ẹyọ DNA kan láti ara ẹja náà, èyí tí DNA kékeré yẹn bá lẹ̀ mọ́, òun lẹni tí wọ́n ń wá. Wọ́n á mú un, wọ́n á jẹ́ kó máa bí sí i títí DNA kan ṣoṣo yẹn á fi pọ̀ tó láti kà. Ohun tí wọ́n ń pè ní clone nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kò kan ṣíṣe ẹ̀dà odindi ẹranko bíi ti àgùntàn Dolly. Ní 1982 wọ́n mú apá kan nínú ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń dáhùn sí acetylcholine, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, láti ara Torpedo. Ní 1984 wọ́n mú ti sódíọ̀mù láti ara eel: amino acid 1820 lórí okùn kan ṣoṣo, ó sì pín sí apá mẹ́rin tí wọ́n jọra wọn bí ìbejì ìlọ́po méjì. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí amino acid tó ní iná pósítíìfù máa ń jáde ní gbogbo ipò kẹta, kẹta, kẹta. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó jọ pé ibẹ̀ ló ń mọ ìgbà tí iná yí padà. Ìwé lásán ni wọ́n ti kà á o, lẹ́tà lórí ìwé, ó sì já sí òótọ́ nígbà tí àwọn èèyàn dán an wò.

Ẹ ò lè sọ ìtàn yìí láìdárúkọ William Catterall tó ṣiṣẹ́ ní Seattle ní Amẹ́ríkà, òun tiẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọpọlọ eku ló fara mọ́ ní tiẹ̀. Ohun tó lò ni oró àkéekèé. Àkéekèé ti mọ ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù tipẹ́tipẹ́ kí yunifásítì tó dáyé, oró ẹ̀ máa ń lọ tààrà síbẹ̀ lọ di í mú, òun ló fi ń dá kòkòrò dúbúlẹ̀. Catterall àti àwọn èèyàn ẹ̀ fi ohun tí wọ́n á fi dá a mọ̀ sí ara oró náà, wọ́n jẹ́ kó lọ di purotéènì mú nínú ọpọlọ eku, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i kó lẹ̀ pinpin tí kò ní lè jábọ́ mọ́, wọ́n wá wo purotéènì wo ló gbé àmì. Ní 1980 nìyẹn. Purotéènì ńlá kan ló jáde, pẹ̀lú àwọn kékeré tó ń tẹ̀ lé e.

Ní 1986 ni ọ̀nà ẹja àti ọ̀nà ọpọlọ pàdé. Àwọn Numa mú DNA eel, wọ́n fi wá ìbátan ẹ̀ nínú ọpọlọ eku. Ẹyọ kan ni ìwé wa ní skúùlù ì bá ní kí wọ́n rí. Méjì ni wọ́n rí tí wọ́n kà délẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn, wọ́n pe ọ̀kan ní kìíní, wọ́n pe ìkejì ní kejì, nígbà tó di 1988 wọ́n ti ka ẹ̀kẹta. Lónìí a mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni jíìnì irú ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù ńlá yìí lára èèyàn, mẹ́rin nínú wọn ló sì ṣe pàtàkì jù nínú ọpọlọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé jíìnì tí wọ́n mú yẹn ṣánẹ́ẹ̀lì ni lóòótọ́, tí kì í ṣe purotéènì mìíràn tó kàn bá a rìn? Ibí ni ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ torí tiwa ni, ti Áfíríkà ni ọ̀pọ̀lọ́ yìí. Xenopus laevis ni wọ́n ń pè é, gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Kí àwọn onímọ̀ ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n, ọsibítù ni wọ́n ti ń lò ó láti fi mọ aláboyún: wọ́n á gún ọ̀pọ̀lọ́ náà ní abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìtọ̀ obìnrin, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tó ti yé ẹyin, oyún ti dúró nìyẹn. Bó ṣe di pé ọ̀pọ̀lọ́ yìí wà ní láàbù káàkiri ayé nìyẹn. Ẹyin ẹ̀ tóbi tó mìlímítà kan, ojú lásán rí i. Ní 1971 John Gurdon fi hàn pé tí wọ́n bá gún RNA (ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti ṣe purotéènì) ẹranko mìíràn sínú ẹyin yìí, ẹyin náà á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì ẹranko yẹn, kò ní bèèrè ohunkóhun. Ní 1982 Eric Barnard àti Ricardo Miledi gún RNA ti Torpedo sínú ẹ̀, ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí acetylcholine bí iṣan ẹja. Wọ́n tún gún RNA tí wọ́n yọ láti inú ọpọlọ eku, ẹyin náà gbé ṣánẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jáde sára. Nígbà tí Numa wá fi RNA jíìnì ẹ̀ sínú ẹyin yìí ní 1986, iná sódíọ̀mù jáde. Okùn purotéènì ńlá yẹn nìkan tó, àwọn Catterall náà fi hàn lọ́dún kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹyin yìí kì í ṣe fún àyẹ̀wò nìkan, wọ́n tún wá sọ ọ́ di ọ̀nà láti fi ṣọdẹ, ìyẹn gan-an ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì kan wà tí kò sí ẹja tó ní wọn lọ́pọ̀, tí oró kankan ò tíì dá mọ̀ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni ò mọ lẹ́tà kan nínú amino acid wọn, bíi àwọn tó ń dáhùn sí glutamate, bẹ́ẹ̀ glutamate yìí ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ jù. Kí ni èèyàn máa fi wá nǹkan tí kò mọ ojú ẹ̀ rí? Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Wọ́n á mú DNA tí wọ́n ṣe láti inú RNA ọpọlọ eku, wọ́n á pín in sí àpò àpò, wọ́n á sọ ti àpò kọ̀ọ̀kan di RNA, wọ́n á gún un sínú ẹyin, wọ́n á da oògùn tó ń ta á jí sí i, wọ́n á wo ẹyin tó máa gbé iná. Àpò tó bá gbé iná, wọ́n á tún un pín, wọ́n á tún un gún, wọ́n á máa pín in lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa ku DNA kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn. Ẹ fojú inú wo sùúrù yẹn! Ní 1989 Stephen Heinemann àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Salk Institute fi ọ̀nà yìí mú èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú àwọn tó ń dáhùn sí glutamate. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Houston, wọ́n fi irú ọ̀nà yìí mú ṣánẹ́ẹ̀lì pọtásíọ̀mù kan nínú ọpọlọ eku. Ní 1991 àwọn Nakanishi ní Kyoto mú òmíràn nínú àwọn tó ń dáhùn sí glutamate, NMDA lorúkọ ẹ̀, èyí tó wà nídìí bí a ṣe ń kọ́ nǹkan tí a sì ń rántí.

Pọtásíọ̀mù tiẹ̀ ní ìtàn tiẹ̀, àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ká ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn tó ń fi eṣinṣin yìí ṣe ìwádìí máa ń fi ether kùn wọ́n lóorun, wọ́n wá kíyèsí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti sùn, ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Wọ́n sọ irú ẹ̀ ní Shaker. Tọkọtaya Lily Jan àti Yuh Nung Jan ní San Francisco gbà pé ṣánẹ́ẹ̀lì pọtásíọ̀mù ló bàjẹ́ lára ẹ̀, torí náà wọn ò wá purotéènì rárá, wọ́n rìn lórí kromosómù X eṣinṣin náà, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tó bàjẹ́, wọ́n sì ka ohun tó wà níbẹ̀. 1987 ni, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà ń lé e nígbà kan náà. Apá kan péré ni ti pọtásíọ̀mù ní, kì í ṣe mẹ́rin bíi ti sódíọ̀mù, mẹ́rin nínú wọn ló ń para pọ̀ di ihò kan. Nígbà tó di 1988 Bruce Tempel pẹ̀lú àwọn Jan ti fi ti eṣinṣin wá ìbátan ẹ̀ nínú ọpọlọ èkúté, ó sì wà níbẹ̀. Wọ́n tún rí mẹ́ta sí i lára eṣinṣin, Shab, Shaw àti Shal, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní ìdílé tiẹ̀ lára wa. Tí a bá ka gbogbo jíìnì pọtásíọ̀mù tó wà lára èèyàn lónìí, ó sún mọ́ ọgọ́rin.

Ọgọ́rin ke!

Eṣinṣin mìíràn náà wà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n fi orúkọ ijó go-go sọ tiẹ̀, ether-à-go-go, èmi ò mọ ìgbà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń ráyè ṣe yẹ̀yẹ́ tó báyìí. Ní 1994 Jeffrey Warmke àti Barry Ganetzky rí ìbátan ẹ̀ tó jẹ́ ti èèyàn nínú DNA tí wọ́n ṣe láti ara hippocampus, ìyẹn inú ọpọlọ. hERG lorúkọ ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn Mark Keating ní Utah rí i pé jíìnì yìí tó bá bàjẹ́, ọkàn ni wàhálà ẹ̀ ti ń hàn, lílù ọkàn á dàrú, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀ kó kú lójijì. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wá yé wọn ìdí tí oògùn àléjì tó ń jẹ́ terfenadine fi ń pa àwọn kan, hERG ló ń dí pa. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà. Halofantrine, oògùn ibà tí àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ní Nàìjíríà máa rántí, òun náà ń dí i. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn oníkẹ́míkà tuntun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dán wò lórí hERG kó tó jáde. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti mú jíìnì yẹn o, ọkàn ló gbà là.

Ohun tí mo máa ń rò sí nígbà tí mo bá ka gbogbo ẹ̀ ni pé kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó báyìí. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé àfikún lásán ni, tí ọ̀kan bá bàjẹ́ òmíràn á rọ́pò. Mi ò gbà. Ní 1998 Tempel kan náà, tó ti dé Seattle, yọ ẹyọ kan kúrò lára èkúté nínú gbogbo àwọn ọgọ́rin yẹn, èyí tí òun fúnra ẹ̀ mú ní 1988, wárápá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn èkúté náà. Àwọn tó kù ò lè rọ́pò ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n rí jíìnì pọtásíọ̀mù méjì tó bàjẹ́, KCNQ2 àti KCNQ3, nínú àwọn ìdílé tí ọmọ tuntun wọn máa ń ní gìrì láti ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá ti bí i, wọ́n wá rí i pé àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe iná kan tí David Brown àti Paul Adams ti wọ̀n lára iṣan ọ̀pọ̀lọ́ ní 1980. Ọdún méjìdínlógún ni iná yẹn fi ní orúkọ láìní jíìnì.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o, wárápá tó wà lọ́dọ̀ wa kì í ṣe jíìnì ló fa gbogbo ẹ̀. Ìṣòro nígbà ìbímọ wà níbẹ̀, àrùn tó wọ ọpọlọ wà níbẹ̀, orí tí wọ́n fi gbá nínú àásídẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Ní 1987, ọdún tí Shaker jáde yẹn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, dókítà àrùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì iye oní-wárápá tí wọ́n kà ní Igbó-Ọrà jáde, wọ́n rí i pé èèyàn 5.3 nínú 1000 ló ní in. Tí ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún oní-wárápá ládùúgbò, tí wọn kì í jẹ́ kó bá wọn jẹun, ẹ máa mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti jẹ́ kí èèyàn ṣílẹ̀kùn fún yín kó sì sọ pé ọmọ òun ní in.

Èyí tó bá mi níbi iṣẹ́ gangan ni ti SCN1A, jíìnì sódíọ̀mù kìíní tí Numa kà nínú ọpọlọ eku. Ní 2001 àwọn olùwádìí ní Belgium wo àwọn ọmọ méje tó ní irú wárápá líle kan tó ń jẹ́ Dravet, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi gìrì pẹ̀lú ibà kí ọmọ tó pé ọdún kan, àwọn méjèèje ló ní àléébù tuntun nínú jíìnì yìí, àléébù tí kò sí lára bàbá àti ìyá. Ó sì ta kókó: sódíọ̀mù ló ń tan iná ọpọlọ, wárápá jẹ́ iná tó pọ̀ jù, báwo ni ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù tó dín kù á ṣe wá fa wárápá? Catterall ló tú u, Catterall oní oró àkéekèé, ní 2006, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó kọ́kọ́ mú purotéènì náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí i lára èkúté pé SCN1A ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pa àwọn tó kù lẹ́nu mọ́ gbẹ́kẹ̀ lé jù. Tó bá dín kù, àwọn apanilẹ́numọ́ ló ń sùn, aláriwo ń ṣe tiẹ̀ lọ. Ìdí tí ẹyọ kan ò fi lè tó nìyẹn: ibi tí wọ́n fi ìkọ̀ọ̀kan sí ni iṣẹ́ ẹ̀.

Carbamazepine, phenytoin, lamotrigine, gbogbo wọn ń dí ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ti apanilẹ́numọ́ yàtọ̀ sí ti aláriwo. Wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ oní-wárápá lóore, àmọ́ lára ọmọ tó ní Dravet wọ́n lè jẹ́ kí gìrì náà le sí i. Torí náà tí ìyá kan bá gbé ìwé carbamazepine wá síwájú mi fún ọmọ ọwọ́, mo máa ń bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ibà ló máa ń ṣáájú ẹ̀, bóyá ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, àti bó bá jẹ́ pé ọmọ ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ṣé ó dín kù ni àbí ó ń le sí i. Tó bá ní ó ń le sí i, mi ò ní sọ pé kó dá oògùn dúró fúnra ẹ̀ o, ìyẹn náà léwu, mo máa ń kọ ohun tó sọ fún mi sílẹ̀ sórí bébà kan, gìrì pẹ̀lú ibà, ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oògùn, pé kó gbé e padà lọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.